Ìdánwò Lẹ́ńsì Kí Ẹ Tó Gba Iṣẹ́ 4K: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Ń Ya Fídíò ní Àkúrẹ́

Ẹni tó bá ń ya fídíò ìgbéyàwó, òkú àgbà tàbí ìwúyè ní Àkúrẹ́ lónìí, ohun tí oníbàárà máa kọ́kọ́ bi í ni bóyá 4K ló fi ń yà. Ìbéèrè náà ò burú, àmọ́ orí kámẹ́rà nìkan ló dá lé. Inú gíláàsì tó wà níwájú kámẹ́rà ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, ohun tí gíláàsì náà bá sì ti sọ di bàìbàì, kò sí kámẹ́rà tó lè kọ ọ́ sínú kádì kedere. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti ta kámẹ́rà tó ṣì dáa, tí wọ́n fowó kún un, tí wọ́n ra tuntun, síbẹ̀ tí ojú ìyàwó nínú fídíò wọn ò yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Lẹ́ńsì àná ni wọ́n gbé sórí kámẹ́rà tuntun.

Ìdí tí mo fi kọ èyí ni pé kí ẹ lè mọ agbára lẹ́ńsì tó wà lọ́wọ́ yín kí ẹ tó náwó. Ohun tí ẹ nílò kò pọ̀: ìwé ìròyìn Yorùbá kan, téèpù, jígí kékeré, tripod (ẹsẹ̀ mẹ́ta tí à ń gbé kámẹ́rà lé) tó dúró dáadáa, kọ̀ǹpútà, àti ohun ìnulẹ́ńsì. Ọ̀sán ọjọ́ kan tí iṣẹ́ ò sí ti tó.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ iye tí 4K ń béèrè lọ́wọ́ lẹ́ńsì yín

Àwòrán 4K fẹ̀ ní píksẹ́lì 3840 (ìyẹn àwọn ẹ̀kán kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán), ó ga ní 2160. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ bíi mílíọ̀nù 8.3. Full HD, tó jẹ́ 1920 sí 1080, kò ju mílíọ̀nù 2 lé díẹ̀ lọ. Ohun tí Full HD ń bò mọ́lẹ̀, 4K máa ń tú u síta.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀, torí òun ló máa jẹ́ kí ẹ mọ ibi tí wàhálà wà. Sensor ni ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà; ti kámẹ́rà full-frame fẹ̀ ní mìlímítà 36. Tí ẹ bá pín 3840 sí 36, ẹ ó rí bíi píksẹ́lì 107 nínú mìlímítà kọ̀ọ̀kan. Kí ìlà dúdú kan àti ìlà funfun kan tó lè hàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó kéré tán wọ́n gbọ́dọ̀ ní píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, lẹ́ńsì yín gbọ́dọ̀ lè ya ìlà méjì-méjì bẹ́ẹ̀ ní ọ̀nà 53 láàárín mìlímítà kan. Full HD lórí sensor yẹn kan náà kò béèrè ju 27 lọ. Tí sensor bá wá kéré, iṣẹ́ lẹ́ńsì á le sí i: APS-C tó fẹ̀ ní mìlímítà 23.5 ń béèrè bíi 82, Micro Four Thirds tó fẹ̀ ní 17.3 sì ń béèrè bíi 111.

Àwọn kámẹ́rà kan tún wà tí kì í lo gbogbo sensor tí wọ́n bá ti bọ́ sórí 4K. Canon M50 jẹ́ ọ̀kan nínú wọn: àárín sensor nìkan, bíi mìlímítà 14 ní fífẹ̀, ló ń lò fún 4K. Lẹ́ńsì tó wà lórí rẹ̀ gbọ́dọ̀ lé ní 130 kí àwòrán tó kún. Àǹfààní kan wà ńbẹ̀ o: igun lẹ́ńsì, tó sábà máa ń jẹ́ ibi tó burú jù, ti bọ́ sí ìta àwòrán. Sony a6400 ń ṣe òdìkejì rẹ̀. Tí ó bá ń ya 4K ní férémù 25 (ìyẹn àwòrán 25 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan), ó ń ka píksẹ́lì bíi 6000 ní fífẹ̀, á wá fún wọn pọ̀ sí 3840. Nípa bẹ́ẹ̀, lẹ́ńsì kan náà lè dáa lórí kámẹ́rà ẹnì kan, kó sì jọ pé ó bàjẹ́ lórí ti ẹlòmíràn, láìsí pé ohunkóhun ṣe lẹ́ńsì náà.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí àwọn nọ́ńbà yìí dẹ́rù bà yín. Fọ́tò kámẹ́rà mílíọ̀nù 24 fẹ̀ ní píksẹ́lì 6000, ó ju 4K lọ. Lẹ́ńsì tó bá ń ya irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ tí kò sì dójú tì yín, á ya 4K lórí sensor kan náà. Ẹni tó bá sọ pé lẹ́ńsì tí wọn ò kọ 4K sí lára kò lè ṣiṣẹ́ 4K, ọjà ló fẹ́ tà.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ nù ún, kí ẹ sì wo inú rẹ̀

Ọyẹ́ máa ń rọ eruku pupa sórí ohun gbogbo níbí, tí òjò bá sì dé, ọ̀rinrin á gba ipò rẹ̀ títí dé oṣù kẹwàá. Méjèèjì ló ń ba lẹ́ńsì jẹ́, ọ̀nà wọn nìkan ló yàtọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ fi blower, ìyẹn rọ́bà tí à ń tẹ̀ kó fẹ́ afẹ́fẹ́, fẹ́ eruku dànù. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó fi aṣọ ìnulẹ́ńsì tó mọ́ nù ún láti àárín lọ sí etí, pẹ̀lú omi ìnulẹ́ńsì díẹ̀. Etí bùbá, áńkáṣífù àti tíṣù kò dáa fún un, torí iyanrìn tó wà lára wọn á fá ojú gíláàsì. Ẹ rántí ẹ̀yìn lẹ́ńsì pẹ̀lú, ìyẹn ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí sensor. Ìka tó bá kan ẹ̀yìn máa ń hàn nínú àwòrán ju èyí tó kan iwájú lọ.

Ẹ wá tan tọ́ọ̀ṣì fóònù yín, ẹ ṣí ojú lẹ́ńsì dé ibi tó fẹ̀ jù, ẹ tan iná náà gba inú rẹ̀ kọjá láti ẹ̀gbẹ́ díẹ̀. Ẹyọ eruku méjì mẹ́ta kò ní ṣe fídíò yín ní nǹkan kan. Ohun tí ẹ ń wá ni èéfín fẹ́ẹ́rẹ́ tó bo gíláàsì inú, àti àwọn okùn funfun tín-ín-rín tó ń ya ẹ̀ka láti etí wọlé. Fungus ni àwọn okùn yẹn. Ó máa ń dín bí dúdú àti funfun ṣe yàtọ̀ síra kù, lẹ́ńsì tó bá sì ní in kò yẹ kó sùn nínú báàgì kan náà pẹ̀lú èyí tó mọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ dènà rẹ̀, ike onídèérí tó dé pinpin àti silica gel (hóró tó ń fa ọ̀rinrin mu) nínú rẹ̀ ti tó. Tí silica gel náà bá ti mu omi yó, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ tàbí kí ẹ yan án gbẹ tó bá jẹ́ irú èyí tó ṣeé yan. Ìrẹsì tí àwọn kan ń dà síbẹ̀ ní ìyẹ̀fun, inú lẹ́ńsì gan-an ni ìyẹ̀fun náà á sì gbà lọ.

Ẹ tún kíyè sí gbọ̀ngàn tó ní ẹ̀rọ amúlétutù. Tí ẹ bá ti inú òtútù gbọ̀ngàn bí The Dome jáde sí oòrùn ọ̀sán láti ya tọkọtaya níta, omi á bo ojú lẹ́ńsì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ fi kámẹ́rà sínú báàgì, ẹ fa zíìpù rẹ̀ dé kí ẹ tó jáde, kí ẹ sì fún un ní bí ogún ìṣẹ́jú kó bá ooru mu. Tí àyè ìyẹn ò bá sí, kámẹ́rà kejì tó ti wà níta ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ tẹ́ ìwé ìròyìn sára ògiri

Ibí ni iṣẹ́ gan-an wà, ẹ fara balẹ̀.

Ẹ ra ìwé ìròyìn Yorùbá tó fi àmì sórí ọ̀rọ̀ dáadáa lọ́wọ́ fẹ́ńdọ̀. Ìdí tí mo fi yan ti Yorùbá ni àmì tó wà lábẹ́ ẹ, ọ àti ṣ. Nínú lẹ́tà kékeré ìwé ìròyìn, àmì náà kò ju bí ìdajì mìlímítà lọ. Tí àwòrán yín bá fẹ̀ ní mítà kan lára ògiri, 4K á fi bíi píksẹ́lì mẹ́rin sórí mìlímítà kọ̀ọ̀kan. Àmì kan á wá ní bíi píksẹ́lì méjì. Full HD á fún un ní ẹyọ kan péré, ó sì lè má hàn rárá. Nítorí náà, àmì yẹn wà ní ẹnu ààlà ohun tí 4K lè rí, ohunkóhun tí lẹ́ńsì bá sì bàjẹ́ níbẹ̀, ojú yín á rí i.

Ẹ wọn mítà kan ní fífẹ̀ lára ògiri, kí gíga rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 56. Ẹ gé ìwé ìròyìn sí márùn-ún, ẹ lẹ ọ̀kan mọ́ àárín, kí ẹ lẹ mẹ́rin yòókù mọ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ògiri tó wà ní ẹ̀gbẹ́ òjìji ilé ló dáa jù, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ ti dé gbogbo rẹ̀ bákan náà láìsí oòrùn tààrà.

Ẹ gbé kámẹ́rà sórí tripod, ẹ sún un títí mítà kan náà á fi kún àwòrán. Ẹ so jígí kékeré mọ́ àárín ògiri kó lẹ̀ mọ́ ọn pátápátá, kí ẹ wá wo inú kámẹ́rà. Tí ẹ bá rí ojú lẹ́ńsì yín ní àárín gbùngbùn àwòrán, kámẹ́rà dojú kọ ògiri tààrà nìyẹn. Tó bá yà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ tún un ṣe, torí bí kámẹ́rà bá dagun, igun kan á súnmọ́ ju èkejì lọ, ẹ ó sì dá lẹ́ńsì lẹ́bi fún ohun tí kò ṣe. Tí ẹ bá ti parí, ẹ yọ jígí kúrò.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ yà á ní gbogbo ojú, kí ẹ sì kà á

Ẹ pa ohun tó ń dènà gbígbọ̀n nínú lẹ́ńsì tàbí kámẹ́rà, torí lórí tripod òun fúnra rẹ̀ lè mi àwòrán. Ẹ dín sharpening kámẹ́rà (bó ṣe ń fúnra rẹ̀ mú kí etí nǹkan hàn sí i) kù dé ìsàlẹ̀, kí ohun tí ẹ máa rí jẹ́ ti lẹ́ńsì. Ẹ fi ISO, ìyẹn bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń tètè ran kámẹ́rà tó, sí 100 tàbí ibi tó kéré jù. Ẹ gbé fókọ́ọ̀sì sí ọwọ́, ẹ sọ àwòrán di ńlá lójú kámẹ́rà, ẹ yí i títí àmì abẹ́ lẹ́tà àárín á fi dúró ketekete.

Nọ́ńbà f ló ń sọ bí ojú lẹ́ńsì ṣe ṣí tó: bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ni ojú náà ṣe fẹ̀ tó. Bẹ̀rẹ̀ láti ojú tó fẹ̀ jù tí lẹ́ńsì náà ní, ẹ ya ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ní ìpele kọ̀ọ̀kan: f/1.8, f/2.8, f/4, f/5.6, f/8, f/11, f/16. Ṣọ́tà, ìyẹn àkókò tí kámẹ́rà fi ń gba ìmọ́lẹ̀ fún férémù kan, nìkan ni kí ẹ máa fi tún ìmọ́lẹ̀ ṣe. Ẹ tún fókọ́ọ̀sì wò ní ìpele kọ̀ọ̀kan, torí àwọn lẹ́ńsì kan wà tí fókọ́ọ̀sì wọn máa ń sún díẹ̀ bí ojú wọn ṣe ń kéré sí i. Tó bá jẹ́ lẹ́ńsì tó ń sún mọ́lé, bí 18-55 tó máa ń bá kámẹ́rà wá, ẹ ṣe gbogbo rẹ̀ ní 18, ní 35 àti ní 55.

Tí ẹ bá gbé e dé orí kọ̀ǹpútà, ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀tàn ojú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Láptọ́ọ̀pù tó ní 1366 sí 768 kò lè fi ju bí ìdá mẹ́ta píksẹ́lì 4K hàn ní fífẹ̀. Ó ti fún àwòrán yín pọ̀, gbogbo lẹ́ńsì á sì jọ pé ó dáa. Ẹ mú férémù kan jáde nínú fídíò kọ̀ọ̀kan, VLC lásán lè ṣe é, kí ẹ ṣí i ní ìwọ̀n 100%, ìyẹn kí píksẹ́lì àwòrán kan gba píksẹ́lì kan lójú kọ̀ǹpútà, kí ẹ wá rìn láti àárín lọ sí igun.

Ohun tí ẹ máa rí lára lẹ́ńsì 50mm f/1.8 tó wọ́pọ̀ rèé. Ní f/1.8, ọ̀rọ̀ àárín ṣeé kà, àmọ́ ó jọ pé òwúsúwusù bò ó, dúdú rẹ̀ kò dúdú tó. Ní igun, àmì abẹ́ ẹ ti pòórá, ẹ kò ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí e mọ́. Ní f/2.8, òwúsúwusù ti kúrò ní àárín. Láti f/4, igun bẹ̀rẹ̀ sí í padà bọ̀ sípò. Ní f/5.6 àti f/8, gbogbo ojú ìwé á dúró, àmì á sì hàn ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ní f/11, ó lè dínkù díẹ̀. Tó bá di f/16, àárín àti igun á jọ ra bàìbàì.

Ti f/16 yẹn kì í ṣe àléébù lẹ́ńsì. Bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń rìn ni, George Airy ti ṣàlàyé rẹ̀ láti 1835: tí ìmọ́lẹ̀ bá gba ihò kékeré kọjá, ó máa ń tàn ká. Ní f/5.6, ẹ̀kán ìmọ́lẹ̀ kan fẹ̀ ní bíi máíkírọ́mítà 7.5. Ní f/16, ó ti di bíi 21. Píksẹ́lì 4K lórí APS-C jẹ́ bíi 6. Ẹ̀kán kan ti ń gba orí píksẹ́lì mẹ́ta nìyẹn, lẹ́ńsì olówó gọbọi pàápàá kò lè yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé igun mẹ́ta mú (ìyẹn pé wọ́n hàn ketekete), tí ọ̀kan ò mú, ẹ dojú kámẹ́rà dé lórí tripod, kí orí rẹ̀ wà nísàlẹ̀, kí ẹ tún yà á. Tí igun tí kò mú bá tẹ̀lé kámẹ́rà lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì ògiri, gíláàsì kan ti sún kúrò nípò nínú lẹ́ńsì náà, ó sábà máa ń jẹ́ pé ó ti já bọ́ rí. Tó bá dúró sí ibi tó wà lára ògiri, kámẹ́rà ló dagun, ẹ padà sídìí jígí.

Ẹ kọ èsì náà sórí téèpù kékeré, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdérí lẹ́ńsì. “f/4 sí f/8” ti tó. Lọ́jọ́ òde, ẹ kò ní ráyè rántí.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Oòrùn Ìdànrè àti gíláàsì ND

Àwọn tọkọtaya fẹ́ràn kí a yà wọ́n ní Òkè Ìdànrè, mo sì gbà pẹ̀lú wọn, torí àpáta ibẹ̀ ní nǹkan fún lẹ́ńsì tó mú: ìlà omi òjò tó ṣàn sọ̀kalẹ̀ lára òkúta, ewé kéékèèké láàárín ihò. Àmọ́ ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ fídíò ti ń bàjẹ́. Iná mànàmáná wa níbí jẹ́ 50 Hz, ṣọ́tà tí kò bá sì bá a mu lè jẹ́ kí iná máa ṣẹ́jú nínú fídíò, nítorí náà férémù 25 àti ṣọ́tà 1/50 ni ọ̀pọ̀ wa ń lò, a sì máa ń gbé e lọ síta bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀sán gangan, ISO 100 àti 1/50 á fẹ́ f/22 kí àwòrán má bàa funfun jù. Ẹ̀rọ á gbé ara rẹ̀ lọ síbẹ̀ bí ẹ bá fi í sí auto, gbogbo àpáta náà á sì di ẹ̀kọ tútù.

ND ni ojútùú rẹ̀, ìyẹn gíláàsì dúdú tí à ń dè mọ́ iwájú lẹ́ńsì. ND16 á mú yín kúrò ní f/22 wá sí f/5.6, ND64 á gbé yín dé f/2.8. Kí ẹ tó fi ND kankan ṣiṣẹ́, ẹ gbé e padà sí iwájú ìwé ìròyìn, ẹ yà á pẹ̀lú rẹ̀ àti láìsí rẹ̀. Èyí tó jẹ́ yẹpẹrẹ máa ń ba iṣẹ́ lẹ́ńsì rere jẹ́, pàápàá bí ẹ bá fi lẹ́ńsì gígùn wò ó. Àwọn ND tó ṣeé yí tún máa ń fi àmì dúdú bíi lẹ́tà X sí àwòrán tí ẹ bá lò wọ́n dé òpin lórí lẹ́ńsì tó fẹ̀. Gíláàsì UV tí àwọn kan ń dè mọ́ iwájú lẹ́ńsì pẹ̀lú, kí ẹ fi ojú ìwé ìròyìn dán an wò.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Lóde ìnáwó

Lẹ́yìn ìdánwò ògiri, ọ̀pọ̀ nínú yín máa rí i pé lẹ́ńsì kò jẹ̀bi tó bí ẹ ṣe rò. Fókọ́ọ̀sì ló kù. Lórí APS-C, lẹ́ńsì 50mm ní f/1.8 láti mítà méjì, ohun tó máa mú dé ìwọ̀n 4K, láti iwájú dé ẹ̀yìn, kò ju bíi sẹ̀ǹtímítà 7 lọ. Tí ojú ìyàwó bá mú, etí rẹ̀ àti yẹtí ti kúrò nínú rẹ̀. Ní f/4, ó ti di bíi 15. Lásìkò tí ìyàwó ń jó wọlé pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, tàbí tí ọkọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àna, f/4 sí f/5.6 ni kí ẹ dúró sí, kí ẹ fi iná LED kún ìmọ́lẹ̀. Ẹ fi f/1.8 sílẹ̀ fún ìgbà tí ẹnì kan bá jókòó jẹ́ẹ́.

Àwọ̀ tí kámẹ́rà máa ń fi sí etí ohun tó bá mú, tí wọ́n ń pè ní peaking, wúlò, àmọ́ tí ojú lẹ́ńsì bá ṣí sílẹ̀ gan-an, ó máa ń kun ohun tí kò mú pẹ̀lú. Ẹ sọ àwòrán di ńlá kí ẹ fi ojú ara yín rí i. Bákan náà, ẹ má ṣe sún lẹ́ńsì fọ́tò wọlé, kí ẹ fókọ́ọ̀sì, kí ẹ wá sún un padà pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé fókọ́ọ̀sì ṣì wà níbi tó wà. Ọ̀pọ̀ wọn kì í dì í mú.

Ọwọ́ ẹni tó ń jó tó dà bíi pé ó fà nínú fídíò, ṣọ́tà 1/50 ló fà á, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá lẹ́ńsì ni, ẹ wo ohun tí kò rìn: kókó gèlè màmá tó jókòó, òwú ara àga, orúkọ tí wọ́n kọ sára kéèkì. Bí ìwọ̀nyí bá dúró, lẹ́ńsì yín ò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan.

Ìgbésẹ̀ keje: Léèsì, aṣọ òkè àti àwọ̀ tó ń rìn

Ọ̀rọ̀ yìí ò fi bẹ́ẹ̀ kan ìlú mìíràn bó ṣe kan ilẹ̀ Yorùbá, ó sì yẹ kí gbogbo ayafídíò mọ̀ ọ́n. Ẹ wo aṣọ òkè onílà tẹ́ẹ́rẹ́ láti ìjìnnà díẹ̀ nínú fídíò. Nígbà mìíràn, ìlà aṣọ á kúrò, ìlà mìíràn tó tẹ̀ kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀ á wá máa rìn lórí rẹ̀, pẹ̀lú àwọ̀ ewé àti elésè àlùkò tí kò sí lára aṣọ náà rárá. Ìyá tó ra aṣọ náà á ní ẹ ti yí aṣọ òun padà. Moiré ni wọ́n ń pè é.

Lẹ́ńsì tó mú gan-an ló ń mú un jáde. Ó ń gbé ìlà tó tín-ín-rín ju ohun tí píksẹ́lì lè kà wọlé, kámẹ́rà á sì ṣì í kà. Ó pọ̀ jù lára kámẹ́rà tó ń fo ìlà sensor kọjá láti lè ya fídíò, bíi Canon 5D Mark II tó jáde ní 2008 àti ọ̀pọ̀ DSLR ìgbà yẹn. Èyí tó ń ka gbogbo píksẹ́lì kó tó fún un pọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ní in. Ojú LED ńlá tí wọ́n ń gbé sẹ́yìn àga tọkọtaya máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú.

Tí ẹ bá rí i lójú kámẹ́rà, ẹ rìn síwájú tàbí sẹ́yìn ìgbésẹ̀ méjì, tàbí kí ẹ sún lẹ́ńsì wọlé kí ìlà aṣọ lè fẹ̀. Bí kò bá lọ, ẹ ṣí ojú lẹ́ńsì díẹ̀, kí fókọ́ọ̀sì wà lójú èèyàn, kí aṣọ bọ́ sẹ́yìn fókọ́ọ̀sì. Inú kọ̀ǹpútà kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé fún un. Ẹ ṣe é nígbà tí aṣọ ṣì wà lára ẹni tó wọ̀ ọ́.

Mo tún fẹ́ sọ pé kì í ṣe gbogbo ojú ló fẹ́ lẹ́ńsì tó mú jù. Àwọn àgbà tí ara wọn ti hunjọ, àti ìyàwó tí àtíkè pọ̀ lójú rẹ̀, f/2.8 máa ń bu ọlá fún wọn ju f/8 lọ. F/8 ni kí ẹ fi ya ààfin, ìlẹ̀kẹ̀ àti èrò.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Lórí kọ̀ǹpútà

Sharpening kò lè dá ohun tí lẹ́ńsì sọnù padà. Ó kàn ń mú kí etí nǹkan funfun sí i ni. Tí ìlà funfun bá ti ń yọ yí orí fìlà ká, ó ti pọ̀ jù. Ẹ fi díẹ̀ sí i ní ìgbẹ̀yìn, lẹ́yìn tí ẹ bá ti pinnu ìwọ̀n tí fídíò máa jáde.

Ohun kan wà tí àwọn èèyàn kì í so mọ́ lẹ́ńsì: bí kámẹ́rà ṣe ń fún fáìlì pọ̀. Ohun tí H.264, ìyẹn ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ń gbà fún fídíò pọ̀, máa ń kọ́kọ́ jù nù ni àlàyé kéékèèké tí dúdú àti funfun rẹ̀ kò yàtọ̀ síra púpọ̀. Lẹ́ńsì tó ní fungus tàbí eruku gan-an ni ó ń sọ òwú ara aṣọ di irú àlàyé bẹ́ẹ̀, kámẹ́rà á sì nù ún dànù, ara aṣọ á wá dán bí ike. Ẹ fi bitrate, ìyẹn iye dátà tí kámẹ́rà ń kọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, sí ibi tó ga jù tí kádì yín lè gbé. Tí ẹ bá fẹ́ gbé 4K sórí YouTube, 35 sí 45 Mbps ni wọ́n dámọ̀ràn fún férémù 24 sí 30, 8 Mbps sì ni fún 1080p, ìyẹn Full HD.

Bí lẹ́ńsì yín kò bá dé 4K dáadáa, ẹ ya 4K, kí ẹ gbé e jáde ní 1080p. Ó máa mú ju èyí tí ẹ yà ní 1080p tààrà lọ lára ọ̀pọ̀ kámẹ́rà, oníbàárà á sì rí iṣẹ́ tó dáa. Ẹ kàn má ṣe gé àárín rẹ̀ láti fi ṣe àwòrán kejì tó súnmọ́, torí nígbà náà ẹ ti padà sí ojú lẹ́ńsì ní ìhòòhò.

Bí ẹ bá fẹ́ ra lẹ́ńsì tokunbọ̀

Ẹ mú kámẹ́rà tiyín dání, àti láptọ́ọ̀pù, tọ́ọ̀ṣì àti ìwé ìròyìn. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì gba inú rẹ̀ kọjá kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná owó. Ẹ yí òrùka fókọ́ọ̀sì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: kò gbọdọ̀ há, kò sì gbọdọ̀ mì. Ẹ gbọn lẹ́ńsì náà jẹ́jẹ́ létí, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé àwọn lẹ́ńsì tó ń dènà gbígbọ̀n máa ń dún díẹ̀ nínú, ìyẹn kì í ṣe àrùn.

Lẹ́yìn náà, ẹ lẹ ìwé ìròyìn mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù, ẹ gbé kámẹ́rà sórí káńtà, ẹ ya ojú tó fẹ̀ jù àti f/5.6. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kí ẹ wò ní 100% lórí láptọ́ọ̀pù yín. Kí igun rọ̀ díẹ̀ ní ojú tó fẹ̀ jù kò burú. Kí ọ̀kan ṣoṣo burú ju mẹ́ta yòókù lọ ní f/5.6, lẹ́yìn tí ẹ ti yí kámẹ́rà wò, ìyẹn ni kí ẹ má fowó yín sí, bó ti wù kí owó rẹ̀ rọjú tó. Bí ẹni tó ń tà á kò bá fẹ́ kí ẹ dán an wò, ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù mìíràn.

Ẹ tọ́jú fáìlì ìdánwò náà sí fódà kan pẹ̀lú orúkọ lẹ́ńsì àti ọjọ́ tí ẹ yà á. Lọ́jọ́ tí lẹ́ńsì náà bá já bọ́, tàbí lẹ́yìn òjò ọdún kan, ẹ tún un yà lára ògiri kan náà, ní ìwọ̀n kan náà, kí ẹ gbé àtijọ́ àti tuntun sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn.